Díṣì ní ilé abúlé tí ẹ kì í gbé lójoojúmọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó kọ́ ilé sí abúlé tàbí sí ìlú wọn, tó jẹ́ pé wíkẹ́ńdì, Iléyá, Kérésì àti ìnáwó ni wọ́n fi ń débẹ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí nípa díṣì, mo wá kó o jọ síbí kí n yé tún un sọ lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á ni pé díṣì ilé tá à ń gbé àti díṣì ilé tá à ń bẹ̀ wò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tí ti ìlú bá bàjẹ́ ní Mọ́ńdè, ẹ wà níbẹ̀, ẹ ó pe oníṣẹ́. Tí ti abúlé bá bàjẹ́ ní Mọ́ńdè, ó di Sátidé tẹ́ ẹ bá jókòó tán tí bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀, oníṣẹ́ ọ̀hún sì ti lọ sí òde ìnáwó tiẹ̀.

Ṣé kí n ra dẹ́kódà míì fún ilé abúlé ni àbí kí n máa gbé ti ìlú lọ?

Ẹ máa gbé ti ìlú lọ, jàre. DStv tó ń wọlé sí Nàìjíríà, ojú kan náà ló ti ń wá, láti ara sátẹ́láìtì Eutelsat tó wà ní digirí 36 lápá ìlà oòrùn, yálà Súrùlérè lẹ wà o tàbí Ìgbẹ́tì. Dẹ́kódà ò mọ̀ pé ẹ ti kúrò nílé. Nítorí náà díṣì, LNB (ìyẹn nǹkan kékeré tó yọ síwájú díṣì tó ń gba sígínà), òpó àti wáyà lẹ máa rà sí abúlé kó máa wà níbẹ̀, dẹ́kódà, rìmóòtù àti ádáptà á wọnú báàgì pẹ̀lú yín. Owó oṣù kan lẹ ń san, oṣù yẹn sì ń lọ bóyá ẹ wò ó bóyá ẹ ò wò ó, ta ló wá ní owó tó máa fi sanwó oṣù méjì fún ọjọ́ mẹ́rin péré? Àwọn kan á ní XtraView ńkọ́, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń so dẹ́kódà méjì pọ̀ mọ́ àkáǹtì kan, inú ilé kan náà ni wọ́n ṣe ètò yẹn fún, kì í ṣe Èkó pẹ̀lú Ìjẹ̀bú.

Yàtọ̀ síyẹn, ilé tí kò séèyàn nínú ẹ̀, dẹ́kódà àti TV ni olè kọ́kọ́ ń wá. Díṣì lásán ò tà lọ títí, LNB ni wọ́n máa ń yọ nígbà míì, ìyẹn náà ò sì wọ́n.

GOtv ńkọ́? Òun ṣáà rọjú jù.

GOtv kì í ṣe ti díṣì o. Orí ilẹ̀ ni sígínà ẹ̀ ń gbà, láti orí òpó gíga tó wà nítòsí ìlú ńlá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ríà kékeré lẹ máa ń rí lórí ilé wọn. Tí abúlé yín bá jìnnà sí òpó yẹn, tàbí tí òkè wà láàárín bíi ti àwọn apá Ìdànrè àti Èkìtì, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ẹ wo ilé àwọn ará àdúgbò kẹ́ ẹ tó rà á. Tó bá jẹ́ díṣì ni gbogbo wọn gbé, ẹ ti rí ìdáhùn. StarTimes náà ní ti ẹ̀ríà, ó ní ti díṣì, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín dáadáa torí páálí wọn jọra.

Ibo gan-an ni díṣì máa kọjú sí?

Ìlà oòrùn, kó yà díẹ̀ sápá gúúsù. Ní agbègbè Ìbàdàn, kọ́ḿpáàsì fóònù yín á ka nǹkan bí 101 sí 102, ní Èkó á ka nǹkan bí 100. Ti òkè, ìyẹn bó ṣe máa gbójú sókè láti ilẹ̀, nǹkan bíi digirí 52 ni. Sátẹ́láìtì ọ̀hún wà lókè Kẹ́ńyà, níbi tí ìlà tó pín ayé sí méjì gbà kọjá, ó ga tó kìlómítà 35,786, bí ayé ṣe ń yí lòun náà ń bá a yí, ìdí nìyẹn tó fi dúró sójú kan lójú tiwa tá ò fi ní máa yí díṣì tẹ̀lé e kiri.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú rèé. Irú díṣì tá à ń lò yìí, èyí tí LNB ẹ̀ yọ síta látìsàlẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ọ̀ọ́kán ló ń wò nígbà tó jẹ́ pé òkè ló ń wò. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ fojú díwọ̀n ẹ̀, ẹ ó gbé e sókè jù. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ gbé e sí 52, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kọ́ḿpáàsì fóònù náà máa ń purọ́ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, irin tàbí mọ́tò. Ẹ kúrò nídìí òpó, ẹ dúró sí gbangba, ẹ wo 101 yẹn, ẹ wá wá nǹkan kan lọ́ọ̀ọ́kán tó bọ́ sí ojú ibẹ̀, bóyá ọ̀pẹ kan tàbí igun ilé ẹnì kan, ìyẹn lẹ máa fi ṣe àmì tẹ́ ẹ bá padà sídìí díṣì.

Ìwọ̀n wo ni kí n rà?

Sẹ̀ǹtímítà 90 tàbí 85. Mo mọ̀ pé 60 máa ń mú, wọ́n á sì sọ fún yín pé 60 tó, ó tó lóòótọ́ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Àwòrán ò ní dáa sí i torí pé díṣì tóbi, torí sígínà tòde òní, ó wà tàbí kò sí, kò dà bíi ti NTA àtijọ́ tí á máa ṣe wúruwùru kẹ́ ẹ ṣì máa rí orí olóòtú. Ohun tí díṣì ńlá ń ṣe ni pé ó ní àjẹṣẹ́kù tí òjò lè jẹ nínú ẹ̀ kó tó kan àwòrán.

Orí òrùlé àbí ilẹ̀?

Ilẹ̀, tàbí ara ògiri tó le. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sórí páànù ilé abúlé yín. Mo mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ àwọn kan nínú kí díṣì yọ lókè kí gbogbo abúlé mọ̀ pé ọmọ wọn ti dé, àmọ́ ihò tí wọ́n bá lu sínú páànù á máa jò, tó bá wá jẹ́ inú oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ lè má dé, sílíìnì á ti já, bẹ́ẹ̀dì á ti hu.

Ìdí kejì ló ṣe pàtàkì jù. Díṣì 90 yẹn, ibi tó ń rí lójú ọ̀run ò fẹ̀ ju nǹkan bíi digirí 2 lọ lápapọ̀. Tí etí ẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré sún síwájú tàbí sẹ́yìn, ó ti yà ju digirí kan lọ, ó di kí ẹ máa wá sígínà. Ẹ wá ro bí páànù ṣe máa ń gbọ̀n tí ìjì bá ń jà. Ohun tí kò ní sún fún oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó ń tún un ṣe lẹ̀ ń wá.

Nítorí náà, páìpù irin omi oní-íńṣì 2, èyí tí kì í tètè dípẹtà. Kí wẹ́dà jó irin kékeré méjì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ìbú kó má baà máa yí nínú símẹ́ńtì, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òpó á dúró digbí àmọ́ afẹ́fẹ́ á rọra máa yí i lọ́dọọdún. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán, ẹ da kọnkéré sí i, kí bíríkìlà fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbẹ, torí tí òpó bá wọ́, gbogbo nọ́ńbà tí mo kà sókè yìí ò ní bá a mu mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó gbé díṣì kọ́ ọ. Ẹ dí orí páìpù kí omi òjò má wọ inú ẹ̀.

Kó ga tó kí ewúrẹ́ má lè fara họ ọ́n, kí ọmọdé má lè so okùn aṣọ mọ́ ọn, àmọ́ kó má ga débi tí ẹ ó fi máa wá àkàbà kiri. Mítà kan ààbọ̀ sí méjì dáa.

Igi máńgòrò wà níwájú ilé wa, ṣé kò ní dí i?

Ó dá lórí bó ṣe ga àti bó ṣe jìnnà sí. Tí igi bá fi mítà 10 ga ju díṣì lọ, tó sì wà lójú ọ̀nà sátẹ́láìtì, ẹ fi díṣì jìnnà sí i tó mítà 8 ó kéré tán, kẹ́ ẹ tún fi díẹ̀ kún un torí igi ń dàgbà. Tó bá fi mítà 5 ga jù ú lọ, mítà 4. Ẹ lè fi ìyẹn ṣírò yòókù. Igi tó wà lẹ́yìn díṣì tàbí lápá ìwọ̀ oòrùn ò kan yín rárá.

Máńgòrò gan-an kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, ẹni tó bá rí máńgòrò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ẹ gbé díṣì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan wà ní itòsí tí kò tó orúnkún, ó di ọdún tó ń bọ̀ ewé ẹ̀ ti bo iwájú díṣì, àwọn ará ilé á wá máa sọ pé dẹ́kódà ti kú. Ewé tí òjò rin tún wá burú ju ewé gbígbẹ lọ.

Ọ̀nà kan wà láti fojú rí i. Ní nǹkan bí ọjọ́ 17 sí 18 oṣù kẹta, àti nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, oòrùn fúnra ẹ̀ máa ń bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì yẹn gan-an láàárín agogo mẹ́wàá àti agogo mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ wo ibi tí òjìji bá bọ́ sí lásìkò yẹn. Ibikíbi tí òjìji igi tàbí ti ilé bá bò, ẹ má rí òpó síbẹ̀. Ibi tí oòrùn bá là sí kedere ló dáa.

Ṣé mo lè gbé e fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ní sùúrù. Ẹ gbé TV kékeré jáde síta, kẹ́ ẹ fi wáyà kúkurú kan so dẹ́kódà mọ́ LNB níbẹ̀, kó má di pé ẹnì kan wà ní pálọ̀ tó ń kígbe "ó ti dé! ó ti lọ! ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀!", ẹni tó wà nídìí díṣì ò sì mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ pa dẹ́kódà kẹ́ ẹ tó so wáyà, ẹ wá tàn án.

Nínú mẹ́núù ẹ ó rí ọ̀pá méjì, Strength àti Quality. Strength ò jẹ́ nǹkan kan, kódà kí díṣì kọjú sí ilé ìdáná á máa hàn níbẹ̀, torí ariwo LNB fúnra ẹ̀ náà ló ń kà. Quality ni tiyín. Ẹ ti òkè sí 52 kẹ́ ẹ dè é díẹ̀, ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì yí díṣì bíńtín láti apá àríwá bọ̀ sí gúúsù, kẹ́ ẹ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kẹ́ ẹ tó tún yí i, torí dẹ́kódà ń ro ó. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣòfò ọ̀sán gbáko nìyẹn, wọ́n ń yí i bíi pé wọ́n ń wá rédíò, wọ́n á kọjá ibi tó wà láìmọ̀. Tí Quality bá ti yọjú, ẹ wá èyí tó ga jù lápá ọ̀tún àti òsì, lẹ́yìn náà òkè àti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ yí LNB fúnra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ihò ẹ̀, èyí táwọn oníṣẹ́ tó ń kánjú kì í ṣe, ìyẹn nìkan lè mú u gbéra sókè gan-an.

Tí Quality bá wà tí chánẹ́ẹ̀lì ò sí, sátẹ́láìtì ẹlòmíì lẹ mú. Ẹ máa lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń de nọ́ọ̀tì, ẹ dè é lọ́tùn-ún díẹ̀ kẹ́ ẹ dè é lósì díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá fún ẹyọ kan pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fa díṣì yà. Tó bá ti dúró, ẹ fi fóònù ya fọ́tò nọ́ńbà Quality yẹn, ẹ wá fi ọ̀dà tàbí máákà fa ìlà kan láti ara irin díṣì wọ ara òpó. Ẹ tún fa ọ̀kan sí ibi tí wọ́n ti ń gbé e sókè sódò. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé tí kò mú, tí ìlà méjèèjì ṣì bára mu, díṣì ò sún nìyẹn, ẹ yé fọwọ́ kàn án, wáyà tàbí LNB ni kẹ́ ẹ lọ wò. Tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ náà, ẹ ní kó ṣe gbogbo èyí lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Wáyà wo?

RG6, kó jẹ́ ẹyọ kan láti LNB dé ẹ̀yìn dẹ́kódà láìsí sísopọ̀ láàárín. Tó bá kéré sí mítà 30, kò sí wàhálà. Ibi tí irin kékeré inú ẹ̀ ti wọ kọnẹ́tọ̀, ẹ rí i pé irun wáyà tó yí i ká kankan ò kan irin àárín, irun kan ṣoṣo tó bá kàn án, sígínà tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ LNB, ẹ fi téèpù tí omi ò lè wọ̀ wé e, kó tó wọ ilé ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò máa kán bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé e wọlé. Tó bá gba ilẹ̀, inú páìpù ike ni kó gbà. Èkúté abúlé ò mọ iyì wáyà.

Tí òjò bá ti ṣú báyìí, àwòrán á lọ, òjò ò sì tíì rọ̀. Kí ló fà á?

Òjò ti rọ̀, kò kàn tíì dé ọ̀dọ̀ yín ni. Lọ́dọ̀ wa, òjò ìjì látapá ìlà oòrùn ló sábà máa ń wá, apá ibẹ̀ náà sì ni díṣì ń wò. Ẹ ó rí i tí ìkúùkù bá ti dúdú lókè lọ́ọ̀ọ́kán, àgbàlá yín ṣì gbẹ táútáú, adìyẹ ṣì ń jẹ̀, àmọ́ àwòrán ti ń já jálajàla, torí ojú ọ̀nà tí sígínà ń gbà bọ̀ ti wọ inú omi. Tí ìjì bá wá dé tán, ojú díṣì gan-an ló máa kọlù, ẹ̀yin náà ti rí ìdí tí mo fi ń pariwo nípa kọnkéré.

Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ju kẹ́ ẹ dúró. Òjò ńlá kì í pẹ́ kó tó fúyẹ́. Ẹ má lọ máa yí díṣì nínú òjò. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òjò wínníwínní ló ń gbé e lọ, Quality yín ti kéré tẹ́lẹ̀, ẹ lọ wo fọ́tò tẹ́ ẹ yà.

Mo dé ní Fúráìdè, mo so ó, ó ní E16. Mo sì ti sanwó o!

Ẹ jẹ́ kó tàn sórí chánẹ́ẹ̀lì kan, ẹ má pa á. Tí dẹ́kódà bá ti wà nínú báàgì tàbí tó wà láìtàn fún ìgbà díẹ̀, àṣẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè fún káàdì kì í bá a, ó di ìgbà tó bá tàn tó sì ń rí sígínà kó tó lè gbà á. Ẹ lo áàpù MyDStv láti fi tún un ṣí, ẹ wá fi sílẹ̀ kó máa tàn bẹ́ ẹ ṣe ń tú ẹrù. Àwọn tó máa ń pa á tàn án pa á tàn án láti fi yá a, ẹ̀yìn ni wọ́n ń dá a sí. Ẹni tó bá gbọ́n á ti sanwó nígbà tí dẹ́kódà ṣì ń tàn ní ìlú, kó tó yọ ọ́.

E48-32 yàtọ̀. Ìyẹn ń sọ pé sígínà ò dé, owó kọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn dẹ́kódà bóyá wáyà wọlé dáadáa, ẹ wá jáde lọ wo ìlà ọ̀dà yín.

Iná ńkọ́? Abúlé wa lè má rí iná fún ọ̀sẹ̀ kan.

Dẹ́kódà ò jẹ iná púpọ̀. TV LED oní-íńṣì 32 pẹ̀lú dẹ́kódà, ẹ fi wọ́n sí nǹkan bíi wáàtì 60. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah, wáàtì-wákàtí 1,200 ló wà nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí ti jẹ́ẹ̀lì, ìdajì ni kẹ́ ẹ lò kó má baà tètè kú, tẹ́ ẹ bá yọ èyí tí ínfátà ń jẹ, ẹ ó wò ó fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Ìyẹn tó fún bọ́ọ̀lù, ìròyìn àti fíìmù lórí Africa Magic Yoruba títí oorun á fi gbé yín lọ, sólà á sì tún un kún lọ́jọ́ kejì. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, èmi ò rí ọgbọ́n nínú kéèyàn máa tan jẹ́nẹ́rétọ̀ tìtorí wáàtì 60. Tó bá sì jẹ́ I-better-pass-my-neighbour yẹn náà lẹ ní, ẹ fi sìtébíláísà sí i láàárín, iná ẹ̀ máa ń fò.

Kí ni kí n ṣe tí mo bá fẹ́ padà sí ìlú?

Ẹ yọ gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe kẹ́ ẹ fi rìmóòtù pa á, kì í ṣe kẹ́ ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ wáyà iná TV, ẹ yọ wáyà díṣì lẹ́yìn dẹ́kódà, kí orí wáyà yẹn jìnnà sí nǹkan oníná yòókù. Mànàmáná ò nílò kó bá díṣì gan-an, ó lè ṣẹ́ sí itòsí kí agbára ẹ̀ gba wáyà wọlé. Tẹ́ ẹ bá lè jẹ́ kí oníná so òpó mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà kọ́pà àti irin tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀, ó dáa, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kẹ́ ẹ má yọ wáyà o. Ẹ wé orí wáyà náà sínú nylon kí kòkòrò má wọ̀ ọ́.

Agbọ́n ti kọ́lé sínú LNB.

Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀, pàápàá tí ike ojú ẹ̀ bá ti là. Ẹ dúró di alẹ́, ẹ fi ìgbálẹ̀ gígùn gbá a kúrò, ẹ má yin oògùn ẹ̀fọn sójú ike yẹn torí á tún mú un là sí i. LNB tí omi ti wọ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò sí àtúnṣe. Ẹ kúkú ra ọ̀kan sílẹ̀ sínú ilé.

Ṣé mo lè wo nǹkan láìsanwó oṣooṣù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ni mo máa ń dámọ̀ràn fún àwọn tí kì í wo bọ́ọ̀lù. Ẹ ra dẹ́kódà ọ̀fẹ́ kan kó máa wà lábúlé, àwọn chánẹ́ẹ̀lì tí wọn ò tì pa wà lórí oríṣiríṣi sátẹ́láìtì, Multi TV ti Ghana wà lórí digirí 28.2 ìlà oòrùn, bí àpẹẹrẹ. Kò jìnnà sí 36, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè fi LNB kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ lórí díṣì 90 kan náà, kó fi sìwíìṣì kékeré so wọ́n pọ̀. Àwọn chánẹ́ẹ̀lì yìí máa ń ṣípò, ẹ ó máa tún wọn wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣí gbogbo DStv pátá lówó ẹ̀ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Tí wọ́n bá tì í lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní rí i pè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kó Sky box bọ̀ wá fún wa.

Ẹ ní kí wọ́n má dààmú ara wọn. Sky náà wà ní digirí 28.2 lóòótọ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n tàn sí Bìrìtìkó, ibẹ̀ ni wọ́n darí ẹ̀ sí, kò dé ọ̀dọ̀ wa. DStv náà ò ní ṣiṣẹ́ ní Peckham. Kí wọ́n fi owó ẹrù yẹn ránṣẹ́ fún sólà.

Starlink ńkọ́, kò lè rọ́pò díṣì?

Ó lè ṣe é, ó ti wà ní Nàìjíríà látoṣù kíní 2023, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò dé. Àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe TV, ẹ ó ṣì sanwó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò lọ́tọ̀. Iná tó ń jẹ pọ̀ ju ti dẹ́kódà lọ, ó sì fẹ́ ojú ọ̀run tó là gbalasa torí àwọn sátẹ́láìtì tiẹ̀ ń sáré kọjá ni, wọn kì í dúró. Tí ọmọ bá wà nílé tó fẹ́ ṣiṣẹ́ láti abúlé, ó dáa. Fún bọ́ọ̀lù Sátidé nìkan, ó ti pọ̀ jù.

Ilé wa wà lẹ́bàá bọ́dà, díṣì àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ kọjú síbòmíì.

Canal+ ni wọ́n ń wò, ìyẹn wà ní digirí 22 lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ má wo tiwọn tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé DStv. Ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì á gbé díṣì méjì, kò sí ọgbọ́n LNB kejì níbi tí ọ̀kan ń wo ìlà tí èkejì ń wo ìwọ̀.

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ lóṣù kẹta, àwòrán lọ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, oòrùn sì ń ràn.

Oòrùn yẹn gan-an ni. Mo ti sọ ọ́ níbi ọ̀rọ̀ igi, ó bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì, ariwo ẹ̀ bo sígínà. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ní àsìkò kan náà, á lọ fúnra ẹ̀, oṣù kẹsàn-án lẹ tún máa rí i.

Gbogbo abúlé máa ń rọ́ wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa, ṣé kò sí wàhálà?

Àlejò ni wọ́n, ẹ fún wọn ní àga. Ẹ má ṣáà gbowó lọ́wọ́ wọn, torí sọ́bù ilé lẹ san, ti ilé ìwòran ọ̀tọ̀ ni. Ẹ gbé TV sí ẹnu ilẹ̀kùn kó kọjú síta, kí pálọ̀ yín lè sinmi, kẹ́ ẹ wá yan ọmọkùnrin kan nínú wọn tó sún mọ́ ilé, ẹ fi ìlà ọ̀dà ara òpó hàn án. Òun lẹ máa pè ní Tọ́sìdé pé kó bá yín wò ó bóyá ó ṣì bára mu kẹ́ ẹ tó gbéra.